Nígbà Tí O Bá Kí Wa Lójú Tẹlifíṣọ̀n, Dúró Gba Ìdáhùn

Agboolé wa, Èsìẹ́.
Ọjọ́ Ajé, kí agogo ilé ìwé tó lù.

Ṣọlá ọmọ mi,

Ìyá rẹ kí ọ. Mi ò ní bi ọ́ bóyá ara rẹ le, torí mo ti rí i nínú lẹ́tà rẹ pé ara rẹ le koko, ọkàn ló ń ṣe ọ́. Tiwa níhìn-ín dára. Iṣu ta, ẹ̀gẹ́ ta, ewúrẹ́ Bàbá Àgbà bí ìbejì, èmi náà sì ti ga débi pé bí mo bá fẹ́ wọlé, àfi kí n tẹ̀ ba bí ẹni ń wọ àgò adìẹ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá awakọ̀ tó ń gbé lẹ́tà yìí bọ̀ sọ̀rọ̀, torí mo mọ̀ pé yóò tú u wò, ojú ọkùnrin yẹn kì í gbélẹ̀. Awakọ̀, orí mi ò dàrú o. Ọmọ ilé ìwé girama ni mí, Ṣọlá tí mò ń kọ̀wé sí sì jẹ́ àbúrò bàbá mi. Ṣùgbọ́n ọdún tí ìyá Ṣọlá kú ni wọ́n bí mi, wọ́n sì sọ mí ní Yétúndé. Ọmọdé ni Ṣọlá nígbà náà. Wọ́n ní ó sunkún, ó kọ oúnjẹ, àfìgbà tí wọ́n gbé mi lé e lọ́wọ́ pé, "Gbà, ìyá rẹ ti padà dé." Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Màámi. Bàbá Àgbà, tó jẹ́ bàbá rẹ̀, ń pe èmi ní ìyàwó òun. Ó ti yé ọ báyìí. Pa lẹ́tà náà dé, kí o sì máa wo títì.

Ṣọlá, ó ti ku àwa méjèèjì. Bí bàbá mi bá rí i pé mò ń pè ọ́ ní "ìwọ" báyìí, etí mi yóò gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ lo ní kò sí ìyá tó ń pe ọmọ rẹ̀ ní "ẹ̀yin".

Mo gba lẹ́tà rẹ lánàá, bí a ti ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. O ní o ti dójú ti ilé. O ní bí wọ́n ti gbé ọ síwájú kámẹ́rà lọ́jọ́ Ẹtì, àkọ́kọ́ tí o máa yọ lójú tẹlifíṣọ̀n láyé rẹ, o kí àwọn èèyàn tán, ọ̀rọ̀ tó kù sì pòórá lórí rẹ, o jókòó síbẹ̀ bí odi, gbogbo Kwara sì ń wò ọ́. O ní ọ̀gá rẹ kò bá ọ wí, ó kàn ní o tún ń padà síbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. O ní kí ọjọ́ náà tó dé, ìwọ yóò ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìwọ yóò sì padà lọ máa kọ́ àwọn ọmọ ní Bàbáńlá. O ní o ò lè wọ Èsìẹ́ lọ́sàn-án gangan mọ́ láéláé. O ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mi ò sọ. Ó ń yún mi lẹ́nu bí yèrèpè, ṣùgbọ́n mi ò sọ.

Nítorí náà jókòó, ọmọ mi, jẹ́ kí ìyá rẹ gbà ọ́ nímọ̀ràn. Mo ní ìròyìn kan tí yóò mú ọ fò sókè, ṣùgbọ́n mi ò tíì ní sọ ọ́. Bí àwọn òbí bá ń kọ irú lẹ́tà yìí, wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ àṣìṣe tí wọ́n ṣe nígbà èwe wọn ni. Èmi náà yóò sọ tèmi. Ìgbà èwe mi ni ọdún tó kọjá.

Ìkíní: wọ aṣọ tìrẹ.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí mi ò tíì gbọ́n, àwọn eléré tíátà kan gbé sinimá wọn wá sí gbọ̀ngàn ìlú ní Òmù-Àrán. Ìwọ náà mọ bó ṣe máa ń rí. Wọn á ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, wọn á gbé ẹ̀rọ sinimá ka orí tábìlì lẹ́yìn, àwọn òṣèré fúnra wọn á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà kí èèyàn lè fojú kàn wọ́n kó tó wọlé. Èrò tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, bí o bá ju abẹ́rẹ́ sókè, kò ní rí ibi bọ́ sí. Mi ò ní tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹnu nìkan ni mo ní. Mo bá lọ bá ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn.

"Àbúrò olorì inú sinimá yìí ni mí," ni mo wí. "Òun ló ní kí n máa bọ̀."

Ọkùnrin náà wò mí látòkè délẹ̀. "Àbúrò rẹ̀? Ìyá kan náà ló bí yín?"

"Ìyá kan, bàbá kan, ẹní kan náà la sì ń sùn sí."

"Ó mà dára o. Òun náà ló dúró lẹ́yìn rẹ yẹn."

Mo yíjú padà. Obìnrin náà ni lóòótọ́, ó ká apá méjèèjì mọ́ àyà, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ilẹ̀ lanu, ilẹ̀ kọ̀. Ó fà mí mọ́ra níwájú gbogbo èèyàn: "Àbúrò mi! O mà ti dàgbà o! Ó tiẹ̀ dáa tí o dé. Aṣọ tí a fi ṣeré ní ìlú tí a ti ń bọ̀ ṣì wà nínú omi."

Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni mo ti fi etí wo sinimá náà, ọmọ mi. Mo fọ aṣọ ọba, mo fọ aṣọ ìjòyè, mo fọ aṣọ ọmọ ogun títí ó fi dà bíi pé gbogbo sójà Nàìjíríà ló ń ṣeré nínú sinimá yẹn. Bí àwọn ará inú gbọ̀ngàn bá ti ké "Yéè!", èmi náà á gbé ọṣẹ sókè, èmi á ké "Yéè!", mi ò sì mọ ẹni tó kú.

Kóòtù tí o wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì ni mo ń bọ̀ sí. O sọ nínú lẹ́tà rẹ pé ti ọ̀rẹ́ rẹ ni. Kí o tó sọ ni a ti mọ̀. Èjìká kóòtù yẹn ti dé Ọ̀fà nígbà tí èjìká tìrẹ ṣì wà ní Ìlọrin. Ọrùn rẹ wọ inú kọ́là lọ bí orí ahun. Nígbà tí mo sọ ara mi di àbúrò olorì, sinimá bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tí ìwọ náà ń fọwọ́ fa kóòtù oníkóòtù, ọ̀rọ̀ bọ́ mọ́ ọ lẹ́nu. Wọ bùbá àti ṣòkòtò aláró tí Àńtí Dúpẹ́, ọ̀rẹ́bìnrin rẹ, fọwọ́ ara rẹ̀ rán fún ọ. Lóòótọ́, tẹlifíṣọ̀n wa kò mọ aró yàtọ̀ sí eérú, dúdú àti funfun nìkan ló mọ̀. Ṣùgbọ́n Àńtí Dúpẹ́ yóò mọ̀ ọ́n.

Ìkejì ni ìròyìn tí mo fi pamọ́. Di àga mú.

O rò pé gbogbo Èsìẹ́ rí i pé o gbàgbé ọ̀rọ̀. Jẹ́ kí n sọ ohun tí Èsìẹ́ rí fún ọ.

Láti ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì yẹn ni bàbá mi ti gbé tẹlifíṣọ̀n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Jímọ̀, tó ń lẹ táyà tó sì ń ṣájì bátìrì lẹ́bàá títì, gbé bátìrì mọ́tò tó kún dẹ́múdẹ́mú wá, torí iná kò tíì wọ agboolé wa. Ó so wáyà mọ́ ọn tán, ó gun àkàbà, ó lọ di ọ̀pá áńtẹ́nà mú, torí bí èèyàn kò bá dì í mú kó kọjú sí Ìlọrin, òjò ni tẹlifíṣọ̀n wa máa ń rọ̀. Èrò dé. Gbogbo Èsìẹ́ dé, àwọn ará Òró dé. Bí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé àwọn ère òkúta inú ilé ère wa dìde wá wòran, má bá a jiyàn. Àńtí Dúpẹ́ tòde Òmù-Àrán wá, ó ní òun kàn ní kí òun wá kí ìyá mi ni, ṣùgbọ́n àga iwájú ló jókòó sí.

Bàbá Àgbà wọ agbádá, ó dé fìlà.

Bàbá mi ní, "Bàbá, tẹlifíṣọ̀n lásán ni o. Kò gba agbádá."

Bàbá Àgbà ní, "Ọmọ mi fẹ́ wọlé wá bá mi, o ní kí n jókòó ní ìhòòhò?"

Ìgbà náà lo yọ. Ariwo sọ. Ìyá mi lu àwọn ọmọdé lẹ́nu pé kí wọ́n dákẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń pariwo jù. O ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin òbí mi nílé lóko. Èmi ọmọ yín ni mo kí yín o."

O sì dákẹ́.

Ojú rẹ là kalẹ̀, ẹnu rẹ ṣí díẹ̀, ọwọ́ rẹ wà lórí itan, bí ọ̀kan nínú àwọn ère wa gan-an. Bí àlejò láti òkè òkun bá rí ọ lọ́jọ́ náà, yóò ya fọ́tò rẹ, yóò béèrè ẹni tó gbẹ́ ọ.

Jímọ̀ ké láti orí àkàbà: "Ohùn ti lọ! Mo fẹ́ yí i o!"

"Jímọ̀!" Bàbá Àgbà ti dìde. "Bí o bá fọwọ́ yí ọ̀pá yẹn, mo máa fa àkàbà yọ lábẹ́ rẹ! Ojú rẹ fọ́ ni? Ṣé o ò rí i pé ọmọ ń dúró ni?"

"Ó ń dúró de kí ni, Bàbá?"

"Ó kí àgbà, ó ń dúró kí àgbà dá a lóhùn! Ṣé bíi tàwọn yòókù ni o fẹ́ kó ṣe, tí wọ́n á jù ú sí èèyàn pé ẹ kú ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n á sì sá wọnú ọ̀rọ̀ bí ẹni tí ajá ń lé? Ọmọ tí a kọ́ nílé nìyẹn. Ẹ wò ó, ojú wa ló ń wò."

Gbogbo wa tẹjú mọ́ ọ. Lóòótọ́, ojú wa lo ń wò.

Bàbá Àgbà bá ṣẹ́ agbádá léjìká. "Ṣọlá, o ṣeun o. Ìrọ̀lẹ́ á tura fún gbogbo wa. Bí o ti kí wa yìí, ọmọ tìrẹ náà á kí ọ." Ó wá mú oríkì rẹ, ó bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ilé wa dó. Bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ ni àwọn ìyàwó ilé gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ọkọ wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o!" "Ọkọ mi, ẹ mà ti rù o, ṣé wọ́n ń fún yín lóúnjẹ níbẹ̀ yẹn?" "Ẹ bá wa kí ọ̀gá yín!" Jímọ̀ náà kígbe látòkè pé, "Ṣọlá, èmi nìyí o, èmi ni mo di ọ̀pá mú!" Kò sẹ́ni tí kò dáhùn. Ewúrẹ́ dáhùn.

Nígbà tó rọlẹ̀, Bàbá Àgbà gbé ọwọ́ sókè sí ọ. "Ó tó báyìí. A ti gbọ́, Ṣọlá. Máa bá iṣẹ́ rẹ lọ."

Ọmọ mi, ẹnu rẹ̀ kò tíì padé tí o fi mí kanlẹ̀, tí o ní, "Ètò tí a ó kọ́kọ́ fi ṣíde lónìí..."

Ariwo tí a pa! Wọ́n gbọ́ ọ ní Bàbáńlá, àwọn ọmọ tí o fẹ́ lọ kọ́ yẹn ló máa sọ fún ọ. Jímọ̀ já bọ́ látorí àkàbà, orí òrùlé ilé ewúrẹ́ ló bọ́ sí, ó sì tún gùn ún padà kí àwòrán tó dàrú. Bàbá Àgbà jókòó, ó wo gbogbo èèyàn lọ́tùn-ún lósì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀.

O kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ pé o ò mọ ohun tó dá ọ̀rọ̀ padà sí ọ lẹ́nu, pé ó kàn dà bíi pé ẹnì kan tọ́ ọ léjìká. Èmi ò sọ nǹkan kan o. Wọ́n kọ́ wa nílé ìwé pé àwòrán ń ti Ìlọrin bọ̀ wá sí Èsìẹ́. Wọn ò kọ́ wa pé ohùn Èsìẹ́ ń lọ. Ṣùgbọ́n mi ò sí nínú àwọn tó máa sọ bẹ́ẹ̀ létí Bàbá Àgbà.

Ìkẹta: ṣọ́ra fún ohun tí o bá ṣe níbẹ̀, torí ẹnì kan yóò gbé e wọ̀.

Mo sọ èyí láti inú ìyà. Arábìnrin tó máa ń kéde ètò níbi iṣẹ́ yín, èyí tó fi òwú di irun rẹ̀ sókè bí ilé alájà, èmi náà lọ di tèmi bẹ́ẹ̀. Mo ní kí onídìrí fà á dáadáa. Ó fà á. Ojú mi kò lè pa dé fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, mo ń sùn, mo ń wo àjà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá tó jókòó lẹ́yìn mi na ọrùn sọ́tùn-ún, ó nà án sósì, nígbà tó sú u, ó tọ́ mi pẹ́pẹ́ pé, "Ọmọ mi, jọ̀wọ́, ṣé Pásítọ̀ ti dé orí pẹpẹ?" Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni mo tú u.

Ìwọ náà ti di aṣọ wíwọ̀ báyìí, jẹ́ kí n sọ fún ọ. Láàárọ̀ yìí, kí n tó jókòó kọ lẹ́tà yìí, àwọn ọmọkùnrin kíláàsì wa tó máa ń gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá kí bàbá mi, wọ́n sì dúró gbagidi, ojú là kalẹ̀, wọn ò mí. Bàbá mi dá wọn lóhùn tán kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò ṣe é fún tíṣà ìṣirò lónìí. Ẹni yẹn kì í dáhùn ìkíni, ó máa ń kọ ìṣirò sójú pátákó bí wọ́n ti ń kí i lọ́wọ́ ni. Wọ́n ti bá ara wọn sọ ọ́. Bó bá ní, "Kí ló dé tí ẹ dúró, ẹ ya odi ni?", wọn á ní, "Rárá, sà, à ń dúró de ìdáhùn yín ni." Wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ń pè é ní kíkí Ṣọlá. Bí o ti ń gẹ irun rẹ ló kù tí wọn ò tíì fi ara wé, ìyẹn sì dára bẹ́ẹ̀.

Mi ò ní kà wọ́n mọ́ báyìí, torí ó kù díẹ̀ kí agogo lù, ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì ni mo fi sẹ́yìn.

Mo mọ̀ pé o gbàgbé. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mo mọ̀ kí lẹ́tà rẹ tó dé. Èmi ni mo jókòó sórí ilẹ̀ nítòsí tẹlifíṣọ̀n, mo rí gògóńgò rẹ tó lọ sókè tí kò sọ̀kalẹ̀. Ẹlòmíràn kan náà mọ̀. Nígbà tí o dákẹ́, Àńtí Dúpẹ́ na ọwọ́, ó di ọwọ́ mi mú, ó fún un débi pé mo ń wá ìka mi títí di àná. Lẹ́yìn tí èrò túká, ó pè mí sẹ́bàá kànga.

"Yétúndé, ṣé ó gbàgbé ni?"

"Ìgbàgbé kẹ̀? Àbí ẹ ò gbọ́ ohun tí Bàbá Àgbà sọ?"

"Mo gbọ́ ti Bàbá Àgbà. Ìwọ ni mo ń bi. Má parọ́ fún mi."

Mo kọ́kọ́ wo inú kànga. "Ó gbàgbé, mà."

Ó wá bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí omi ojú wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Kò sá. Ṣé o rí i? Ó gbàgbé, kò dìde, kò sá. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń wò wá." Ó wá nu ojú rẹ̀. "Bó bá wálé, sọ fún un pé mo ti rí i. Kó yéé fara pamọ́ fún mi." Bó ṣe rán mi nìyẹn, mo ti jẹ́ ẹ. Wálé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yìí, lọ́sàn-án gangan. Gáréèjì ni kí o sọ̀kalẹ̀ sí, má gba ọ̀nà oko bí ẹni tó jí iṣu.

Nípa ti Bàbá Àgbà, mo ti rò ó bóyá ẹ̀tàn ni a ń tàn án bí a kò bá sọ òótọ́ fún un. Mo rò ó lánàá títí oúnjẹ mi fi tutù, ìwọ náà sì mọ̀ pé oúnjẹ mi kì í tutù. Ibi tí mo bá a dé nìyí. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, o dákẹ́ torí pé ọ̀rọ̀ sá lọ. Bí o bá mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, tí o kí wa, tí o dúró díẹ̀ gba ìdáhùn, ohun tí Bàbá Àgbà gbàgbọ́ ti di òótọ́ nìyẹn. Kò sí irọ́ mọ́ nínú rẹ̀. Nínú ìdúró yẹn náà ni ìwọ yóò ti mí, tí ìwọ yóò ti wá ọ̀rọ̀ rẹ rí. Bí ọ̀gá rẹ bá béèrè pé kí ni ìyẹn, sọ fún un pé bí a ti ń kí èèyàn nílé yín nìyẹn, kó wá bi wá.

Ṣùgbọ́n bí o bá kọ̀wé fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Bàbá Àgbà ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń pe èèyàn. Ó ti ní kí Jímọ̀ ṣájì bátìrì náà láti Ọjọ́rú. Lọ́jọ́ Ẹtì, yóò jókòó síwájú, agbádá lọ́rùn. Ẹlòmíràn ni yóò yọ. Ẹni náà yóò ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́, yóò sì sáré kọjá lọ. Bàbá Àgbà yóò ti dìde, ẹnu rẹ̀ yóò ti ṣí. Kí ni kí n wá sọ fún un, Ṣọlá? Ìwọ tó o jẹ́ olùkọ́, kọ́ mi.

Ó ku ọ̀rọ̀ ojú kámẹ́rà. O ní ohun tó bà ọ́ lẹ́rù jù nìyẹn, pé ó dúdú, ó jìn, o wo inú rẹ̀ títí, o ò rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ìyá rẹ, ìyẹn èmi ti àkọ́kọ́, kò ya fọ́tò rí. O sọ fún mi nígbà kan lórí ebè iṣu pé ojú rẹ̀ ti ń ṣá lọ́kàn rẹ, ìdí nìyẹn tí o fi máa ń tẹjú mọ́ mi nígbà mìíràn láìsọ̀rọ̀. Mo yọ ahọ́n sí ọ lọ́jọ́ náà. Ọmọdé ni mí nígbà yẹn, bí ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mi ò ní yọ ahọ́n. Mo máa jókòó sórí ilẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n, mo máa sún mọ́ ọn débi pé bàbá mi yóò pariwo pé mò ń ba ojú mi jẹ́. Ibi tí ojú kámẹ́rà yẹn ń já sí nìyẹn. Èmi lo máa rí bí o bá wò ó. Kì í ṣe gbogbo Kwara, kì í ṣe ọ̀gá rẹ. Kí mi, bí o ti máa ń kí mi nígbà tí o bá ti oko dé, kí o wá dúró. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ dá ọ lóhùn. Mo máa yára, kí Bàbá Àgbà tó gbà á lẹ́nu mi.

Agogo ti ń lù. Bí wọ́n bá nà mí torí pé mo pẹ́, ìwọ lo jẹ ẹ̀bi rẹ̀, bí o bá ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ra súyà Ìlọrin dání fún ìyá rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò tíì ṣe ìdánwò àṣejáde,
Yétúndé.

Mo ti pa á dé tán, mo tún ṣí i. Bàbá Àgbà rí mi tí mò ń kọ̀wé, ó ní bó bá jẹ́ Ṣọlá ni mò ń kọ ọ́ sí, kí n bá òun sọ fún un pé kó jẹ́ kí ìdúró náà gùn díẹ̀ sí i lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ní lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, oríkì ìhà ti bàbá nìkan ni òun ráyè kì. Òun kò tíì dé orí ti ìyá rẹ.